Bí ẹ ó bá sín akólòlò jẹ, ẹ sín in jẹ dáadáa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka àròkọ tó jáde nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí òǹkọ̀wé ti ń dárò pé àwàdà ti kú, pé gbogbo nǹkan ló ń dun àwọn èèyàn ìwòyí, adẹ́rìn-ínpòṣónú kò sì lè la ẹnu mọ́. Mo ṣí ojú ewé kejì, mo bá igun ẹ̀rín yín pàdé: akólòlò kan lọ ra nǹkan, ó ń sọ pé "mo-mo-mo fẹ́-fẹ́-fẹ́ ra-ra-ra." Ọdún 52 ni mo ti ń kólòlò. Mi ò tíì pàdé akólòlò kan tó ń sọ̀rọ̀ báyẹn rí.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń dì mọ́ wa lẹ́nu. Kálukú ló ní lẹ́tà tó ń bá a jà. Tèmi ni "b" àti "k", àwọn òbí mi sì fọwọ́ ara wọn sọ mí ní Bánkọ́lé. Nígbà mìíràn a kì í tilẹ̀ tún ohunkóhun pè. Ńṣe ni ètè á lẹ̀ pọ̀, ọrùn á le, ohùn ò ní jáde rárá, ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ á wá máa wá ibi tí yóò gbójú sí. Bí a bá ń kọrin, kò sóhun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí mo bá fẹ́ béèrè "Báwo ni?" tí "b" ti ń dúnkookò mọ́ mi, mo ti yà bàrá sí "Ṣé dáadáa ni?" kí onítọ̀hún tó fura. Ẹ wo bí ẹ̀fẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú irú ìgbésí ayé yìí! Ẹni tó ń pe "mo-mo-mo" kò tíì gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ níbi àpèjẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi há a sórí. Mo dìde, mo kan "k" àkọ́kọ́, ó dì. MC gba máìkì lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ bá wa ti mọ́tò yìí o, kò fẹ́ stáàtì." Kí n má purọ́, ẹ̀fẹ̀ yẹn dáa, torí ó wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Àmọ́ "mo-mo-mo" ló fi ṣe gbogbo ìyókù alẹ́ ọjọ́ náà. Ìwé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò kúrò nínú àpò mi. Èmi ni mo sì rẹ́rìn-ín jù níbẹ̀. Àtikékeré la ti ń kọ́ ọ: ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni kó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà ní inú rẹ̀ le. Nígbà tí òǹkọ̀wé yín ní láyé àtijọ́ gbogbo wa la jọ ń rẹ́rìn-ín, mo mọ irú ẹ̀rín tó ń wí.

Ta ló tiẹ̀ sọ pé ayé àtijọ́ gba aláwàdà láyè? Lọ́dún 1964, ilé-ẹjọ́ ní New York dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin fún Lenny Bruce, aláwàdà ará Amẹ́ríkà, nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ lórí ìtàgé. Ọdún 1966 ló kú, ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ò tíì parí. Ọdún 2003 ni gómìnà tó dárí jì í. Ọlọ́pàá ló ń dí wọn lẹ́nu nígbà náà. Lónìí, ẹni tó sanwó wọlé ló ń sọ pé òun ò rẹ́rìn-ín. Ṣé ọ̀kan náà ni? Richard Pryor, aláwàdà aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, tó ti fi èébú tí wọ́n ń bú aláwọ̀ dúdú pawó fún ọ̀pọ̀ ọdún, lọ sí Kenya ní 1979, ó dé, ó ní òun ò lo ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú un.

Ibi tí èmi àti ọmọbìnrin mi ti ń jiyàn ni ti Kevin Hart, aláwàdà ará Amẹ́ríkà, tó pàdánù iṣẹ́ atọ́kùn ètò àmì-ẹ̀yẹ fíìmù Oscar ní December 2018 nítorí ẹ̀fẹ̀ tó ti kọ síta lọ́pọ̀ ọdún sẹ́yìn nípa àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Ọmọ mi ní ó tọ́ sí i. Èmi ò gbà. Bí a bá ń hú òkú ẹ̀fẹ̀ jáde láti fìyà jẹ ẹni tó ṣe é, ta ni yóò ṣe bíi ti Pryor?

Mi ò ní kí ẹ ti igun ẹ̀rín yín pa. Ẹ gba èyí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹnìkan béèrè orúkọ mi lórí fóònù. "B" kọ̀, kò jáde. Nígbà tó sú mi, mo ní Ṣọlá ni mò ń jẹ́. Ọdún méjì nìyí, Ṣọlá ló ṣì ń pè mí. Lọ́jọ́ kan ó pè, ìyàwó mi ló gbé fóònù náà. Ó bi mí pé, "Ta ni Ṣọlá?" Mo la ẹnu kí n ṣàlàyé. "B" ló bẹ̀rẹ̀ àlàyé náà.

Èmi ni tiyín,
Bánkọ́lé