Afárá odò wa ti wó: ìpè sí gbogbo ọmọ abúlé wa nílé àti ní ìdálẹ̀

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tó wà ní Èkó, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìbàdàn àti lókè òkun, a kú ọjọ́ mẹ́ta. A kú ìnáwó owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Èmi akọ̀wé yín ni mo kọ ìwé yìí. Ìpàdé oṣù tó kọjá ló ní kí n kọ ọ́, wọ́n sì ní kí n má fi ohunkóhun bò.

Afárá odò wa ti wó. Ẹ̀yin tí ẹ wálé nígbà ọdún Àjíǹde ti rí bó ṣe dá sí méjì. Kì í ṣe òjò ló wó o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ló wá gbé èyí tó kù lọ. Ọkọ̀ agbégẹdú kan ló gba orí rẹ̀ lóru, pẹ̀lú igi ràbàtà mẹ́ta lẹ́yìn. A gbọ́ ìró rẹ̀ lójú oorun, a rò pé àrá ni. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, ọkọ̀ ti lọ, méjì nínú igi apá mẹ́rin tí àwọn bàbá wa fi tẹ́ afárá náà sì ti ṣẹ́ láàárín. Ẹ wo ayé o: inú igbó la wà, gẹdú ń gba iwájú ilé wa kọjá lálaalẹ́, a ò wá ní pákó tá a máa fẹsẹ̀ tẹ̀ sọdá odò.

Láti abúlé dé J4, níbi tá a ti ń bọ́ sí títì márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin, ọ̀nà ẹrẹ̀ ni látòkèdélẹ̀. Lẹ́ẹ̀rùn, ó ṣeé ṣe. Tí òjò bá ti dé, omi á kún dé àyà àgbàlagbà, abúlé á sì di erékùṣù. Lóṣù kẹwàá tó kọjá, ojú mi báyìí ni ọlọ́kadà kan ṣe gbé àpò kòkó méjì lé orí igi tó ṣẹ́kù. Kòkó àbúrò bàbá mi ni. Wọ́n ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mẹ́fà, wọ́n sá a lórí ẹní fún ọ̀sẹ̀ kan ó lé, ìyàwó rẹ̀ ń fẹsẹ̀ tú u láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ọ̀kadà yọ̀, àpò kan bọ́ sómi. A fi okùn fà á jáde, wọ́n tún un sá, àmọ́ oòrùn ò ràn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta ó ti bu. Ẹni tó ń ra kòkó fi ọ̀bẹ la hóró kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí. Owó tó san lórí àpò náà kò tó ìdajì. Gbogbo wa la mọ ohun tí kòkó dà lọ́dún 2024, nígbà tí tọ́ọ̀nù kan ju 10,000 dọ́là lọ lọ́jà àgbáyé. Àwọn kan fi í kọ́lé. Ní tiwa, odò gba tirẹ̀ kó tó kàn wá.

Èyí tó dùn mí jù kì í ṣe ti kòkó. Obìnrin kan rọbí lóru nígbà tí omi kún. Agbẹ̀bí tó wà lábúlé ní ọ̀rọ̀ náà ti kọjá agbára òun, kí wọ́n máa gbé e lọ. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn lára ilé, wọ́n tẹ́ aṣọ sí i, ọkùnrin mẹ́rin gbé e dé etí odò, wọn ò sì lè sọdá. Ibẹ̀ ló bímọ sí, lábẹ́ agbòjò, tìyá tọmọ sì yè. Ẹ̀yin náà ti mọ orúkọ tí ọmọ tí a bí sójú ọ̀nà ń jẹ́.

Ẹni tó bá ń bèèrè pé níbo ni ìjọba wà, kó rántí pé igbó ọba la wà, igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀. Ọdún 1925 ni wọ́n ti pààlà igbó Omo tá a wà yìí, kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa tó wá dáko kòkó síbẹ̀. Ọdún 1977, àjọ àgbáyé UNESCO náà tún kọ ọ́ mọ́ àwọn igbó tí ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Nínú ìwé, igi àti ẹranko ló ni ibẹ̀. Àwa tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n sin ìwọ́ wa síbẹ̀, ará àgọ́ ni wọ́n ń pè wá.

Mi ò dá wọn lẹ́bi tán. Erin ṣì wà nínú igbó yẹn. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, mo rí ipasẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ létí odò, ó fẹ̀ tó ọmọrí ìkòkò àsè, omi ti sun sínú rẹ̀, labalábá bà lé e lórí. Àmọ́ ibi tá a ti ń ṣa ìgbín nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lábẹ́ ìrókò àti ọ̀gànwó, igi gmelina tí wọ́n gbìn ló kún ibẹ̀ báyìí, ó tò lọ bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà.

Ìdí nìyí tí ìpàdé fi fẹnu kò sí afárá kékeré. Mo mọ̀ pé inú àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan kò dùn sí i, torí wọ́n fẹ́ èyí tí jíìpù á lè gbà dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á. Ohun tí jíìpù lè gbà, ọkọ̀ agbégẹdú náà á wá ọ̀nà gbà á. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún péré ni èyí tá a fẹ́ ṣe máa fẹ̀: ẹlẹ́sẹ̀ á kọjá, ọlọ́kadà á kọjá, ó parí. A ti lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba. Wọ́n ní kò burú, bí a kò bá ti gé igi kankan, tí a kò sì kúrò lójú afárá àtijọ́.

Birikìlà ti wá wọ̀n ọ́n. Sìmẹ́ńtì, irin, òkúta, owó iṣẹ́ àti owó ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦4,800,000. ₦1,150,000 wà lápò ẹgbẹ́ ní báńkì. Àwọn ará ilé ní àwọn á dá ₦250,000 láti inú kòkó, àwọn ni wọ́n á wa yanrìn, àwọn ìyá wa á sì dáná fún àwọn òṣìṣẹ́. Èyí tó kù, ₦3,400,000, ọwọ́ àwa 85 tó ń ṣiṣẹ́ níta ló wà: ₦40,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè san án lẹ́ẹ̀mejì. A ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọ iṣẹ́. Ẹni tí Ọlọ́run bá bù kún, kó má dúró lórí ₦40,000.

Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn kan: “Owó páànù ilé-ìwé ńkọ́?” Páànù wà lórí ilé-ìwé, rìsíìtì sì wà lọ́wọ́ akápò. Ẹ̀bi tó wà níbẹ̀, tèmi ni. Èmi ni mo ní ká ra èyí tó tín-ín-rín nítorí ó dínwó, atẹ́gùn sì ti ká méjì nínú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi kọ́ ni màá lọ sọ́jà. Ẹni méjì tí ìpàdé yàn ni wọ́n á jọ ra irin, wọ́n á sì gbé àwòrán rìsíìtì sórí WhatsApp ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ibẹ̀ náà ni akápò á fi nọ́ńbà àkáǹtì sí. Ẹ má san owó fún ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, títí kan èmi náà.

Kí owó wọlé kó tó di ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá. Oṣù kejìlá lomi máa ń fà, kọnkéré sì fẹ́ ọjọ́ 28 kó tó le dáadáa, a ò sì fẹ́ kí òjò oṣù kẹta bá a ní tútù. Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún tuntun la máa fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀, kó wọ bàtà òjò. Kó sọ fún ọlọ́kadà ní J4 pé ẹ̀yìn odò lòun ń lọ. Wọ́n á gbé e dé etí omi, a ó sì ti wà ní òdìkejì pẹ̀lú okùn.