Wọ́n gbàgbé àwọn òbí Uraraka

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí. Èmi àti àbúrò mi la jọ ka My Hero Academia, ìtàn aláwòrán ará Japan ti Kohei Horikoshi nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa di akọni, lórí fóònù, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé orí 430 tó parí sí ní 2024.

Ọ̀rọ̀ Uraraka, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ló dùn mí jù. Níbẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin yìí ò fi bò rárá: owó ló ń wá. Iṣẹ́ ìkọ́lé àwọn òbí rẹ̀ ò lọ déédéé, ó sì fẹ́ kí ara tù wọ́n. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, torí bó ṣe rí nílé tiwa náà nìyẹn. Ìgbà tó yá, ìfẹ́ tó ní sí Deku, ọmọkùnrin tó jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn náà, bo ọ̀rọ̀ owó yẹn mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ òun àti Toga, ọmọbìnrin tó wà lára àwọn ọ̀tá, dára o, mi ò jiyàn.

Deku fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tó ń bá Todoroki, ọmọ kíláàsì rẹ̀, jà, bó bá ti ta ìka kan báyìí, ìka náà ti ṣẹ́ nìyẹn. Agbára tó ń lò ń jẹ ẹ́ lára, àyà mi sì ń já. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kó agbára mẹ́fà mìíràn lé e lórí, àyà mi ò já mọ́.

Ogun ìkẹyìn nìkan gba orí tó lé ní 70! Nínú gbogbo ìyẹn, orí kan péré ni mò ń tọrọ fún àwọn òbí Uraraka.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn