Ẹ san àsansílẹ̀ fún eléré

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka àròkọ yín lórí àwọn eléré tí kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan, àwa tí ẹni yìí ń pè ṣeré lónìí, tí ẹni yẹn ń pè lọ́la. Ẹ yìn wá fún òmìnira wa, ẹ kò sì parọ́. Gìtá tí mò ń ta ti mú mi mọ àwọn ọ̀gá onílù àti onífèrè tí ǹ bá má mọ̀ ká ní ojú kan ni mo jókòó sí. Lálẹ́ ọjọ́ tí orin bá wọra, tí èrò ìwòran dìde, kò sí iṣẹ́ tí mo lè fi pààrọ̀ tèmi.

Àmọ́ ẹ fo ọ̀rọ̀ owó, bẹ́ẹ̀ nítorí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ eléré tó dáńtọ́ ṣe ń pa ohun èlò wọn tì. Ẹni tó pè wá, wákàtí méjì orí pèpéle nìkan ló ń rí. Kò rí ọjọ́ tí a fi kọ́ orin tuntun, kò rí ìdánrawò, owó ọkọ̀ àti okùn gìtá tó já. Bí eré bá ti parí, yóò ní ká ṣe sùúrù di òpin oṣù. Òmíràn tilẹ̀ ń sọ pé òkìkí tí a ó rí níbẹ̀ tó owó. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n fagi lé òde nígbà tó ku ọ̀la, lẹ́yìn tí a ti kọ̀ fún ẹlòmíì nítorí ọjọ́ yẹn kan náà. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti gbọ̀ngàn eré pa lọ́dún 2020, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ọ̀pọ̀ wa ní lọ́wọ́. Kí la fẹ́ fi bèèrè ẹ̀tọ́?

Ti ilé ìgbohùnsílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á san owó ẹ̀ẹ̀kan fún eléré, orin náà á sì máa pa owó fún àwọn ẹlòmíì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àdéhùn Róòmù tí àwọn orílẹ̀-èdè kan jọ ṣe lọ́dún 1961 fọwọ́ sí i pé eléré ní ẹ̀tọ́ lórí eré rẹ̀. Àdéhùn ọdún 1996 ti WIPO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọpọlọ, sì mú ẹ̀tọ́ náà dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ìwé pélébé kan tí èèyàn fi ìkánjú buwọ́ lù lè gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó mú bírò.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Kí ẹni tó bá fẹ́ pe eléré san ìdajì owó lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹnu kò. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ìyókù yóò wọlé sílẹ̀, àti iye tí eléré yóò gbà bí òde bá yẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù pàápàá sàn ju ìlérí ẹnu lọ. A kò ní ọ̀gá tó ń sanwó fún wa lọ́jọ́ àìsàn, a kò sì ní owó ìfẹ̀yìntì. Etí tí à ń fi ṣiṣẹ́ gan-an wà nínú ewu: bí ariwo bá ti ju desibẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n tí a fi ń wọn ariwo) 85 lọ fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, ó lè ba etí jẹ́, ariwo orí pèpéle sì sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò ara wa la ti ń tọ́jú rẹ̀.

Mo rọ̀ yín, Olóòtú, kí ẹ tẹ àpẹẹrẹ ìwé àdéhùn kúkurú kan sí ojú ewé eré yín, kí eléré àti ẹni tó ń pè é lè gé e lò.

Èmi ni,
Onígìtá kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín