Láyí, má tíì ra mọ́dábọ́ọ̀dù

Leeds, alẹ́ Sátidé

Láyí ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìlà já lánàá, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́. Má tíì ra mọ́dábọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo nǹkan ń so mọ́. Ẹni tó wo sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tó ní bọ́ọ̀dù ti jóná, ṣé imú ló fi gbọ́ òórùn ẹ̀ ni?

O ní bí NẸ́PÀ ṣe múná dé ló kú, pé tóo bá tẹ bọ́tìnnì, fáànù á yí díẹ̀, á tún dúró. Páwà páàkì, àpótí tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà, ló ń gé iná yẹn, torí ó rí i pé iná ń gba ibi tí kò yẹ. Ó sì lè jẹ́ páàkì gan-an ló ti rọ. Òun la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Yọ okùn iná lára ògiri, kóo tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí iná tó ṣẹ́ kù jò tán. Tú okùn ẹlẹ́nu 24 lára bọ́ọ̀dù. Fi wáyà kékeré so ihò aláwọ̀ ewé mọ́ ọ̀kan nínú àwọn dúdú, kóo tó ki okùn iná padà. Tí fáànù páàkì bá ń yí láìdúró, fi mítà sí yẹ́lò àti dúdú: kó má dín ní fólítì 11.4, kó má ju 12.6 lọ. Má tú inú páàkì fúnra ẹ̀ o! Ó ń gbéni lẹ́yìn tí a ti yọ okùn.

Tí páàkì bá yè, ó kan bọ́ọ̀dù. Yọ gbogbo káàdì àti okùn háàdì, ku CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) kan àti RAM (pátákó ìrántí ẹ̀) ẹyọ kan, sínú ihò tí ìwé ẹ̀ pè ní A1. Fi rọ́bà ìpawé nu eyín RAM náà. Má yá ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì akọ̀wé, kò ní bá a mu. Tó bá ń yí láìkú báyìí, máa dá nǹkan padà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kóo máa yọ okùn iná kóo tó fọwọ́ kàn án. Èyí tóo dá padà tó tún kú, òun lolè. Tó bá ṣì ń kú, yọ okùn ẹlẹ́nu 8 tó ń bọ́ CPU. Tó bá wá ń yí, ibi tó ń bọ́ CPU ló ti ṣe. Ìgbà yẹn ni kóo tó bọ́ọ̀dù wí.

Àwọn háàdì ńkọ́? Kọ 0, 1, 2, 3 sórí wọn kóo tó yọ wọ́n, kóo dá wọn padà bẹ́ẹ̀. Tí káàdì RAID, èyí tó ń darí àwọn háàdì pọ̀, bá ní òun rí «Foreign», Import ni kóo mú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kóo tẹ Clear tàbí Initialize, lé e jáde. Àkọsílẹ̀ owó àwọn ìyá alájẹṣẹ́kù wà níbẹ̀, wọn ò ní fi ẹ́ sílẹ̀!

Bọ̀sẹ̀ ti bí, obìnrin ni. Òtútù ibí ò ṣeé fẹnu sọ.

Láyí, Màámi ò gbé fóònù láti Ọjọ́rú. Ó lè jẹ́ inú garawa ìrẹsì ni wọ́n tún gbàgbé ẹ̀ sí. Jọ̀ọ́, gun ọ̀kadà dé Ẹdẹ kóo tó fọwọ́ kan sáfà yẹn. Tóo bá ti rí wọn, fílááṣì mi, màá pè ẹ́ padà.

Èmi ni,
Wálé