Ẹ Má Gé Orin Kúrò Nínú Àlọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Lóṣù tó kọjá, ilé-ìwé kan ní kí n wá pàlọ́ fáwọn ọmọ lọ́jọ́ àṣà wọn. Mo pa ti Ìjàpá tó jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo, ìyàwó rẹ̀, kó lè lóyún. Ikùn Ìjàpá ń wú. Mo dá orin, àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbe "alugbinrin" ni tíṣà tó ń darí ètò bá rìn sún mọ́ mi: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àkókò ń lọ. Ẹ fo orin, ẹ parí ìtàn."

Mo fò ó. Títí di òní ni mo ń bínú sí ara mi.

Inú orin yẹn ni Ìjàpá ti ń purọ́ fún babaláwo pé gbòǹgbò ló yọ òun ṣubú, tí ọwọ́ òun fi kan ọbẹ̀, tí òun sì fi kan ẹnu. Ẹni tí kò gbọ́ orin, kò gbọ́ irọ́.

Ìyá bàbá mi ni mo ti rí i kọ́. Agbo ilé ọ̀jẹ̀ kan, ìdílé eléégún, n'Ísẹ́yìn ni wọ́n fẹ́ wọn sí. Wọn kì í pàlọ́ lọ́sàn-án láéláé. Alẹ́ ni, tí wọ́n bá ń bó ẹ̀gúsí, tí àwa ọmọ yí àtùpà ká. Bí orin bá dé ibi gbòǹgbò, Ìyá á na ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n á ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ níbi tí wọ́n jókòó sí, ẹ̀gúsí inú igbá á fẹ́rẹ̀ẹ́ dànù. Wọ́n á wá fi ìka kan ètè, wọ́n á sì máa wò wá bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ojú yẹn! Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń pàlọ́ kiri, n kò tí ì rí i ṣe tó wọn.

Eégún aláré ni baba bàbá mi ní tiwọn. Bí wọ́n bá ṣe òyìnbó, wọ́n á máa fín áásáà, wọ́n á máa ra ọwọ́, wọ́n á máa tiro bí ẹni tí ilẹ̀ ń gún lẹ́sẹ̀. Ohun tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò nì, kọ pé eégún aláré ṣe lójú òun ní Ọ̀yọ́-Ilé lọ́dún 1826 gan-an nìyẹn. Baba ò kàwé o.

Bí ilé-ìwé náà bá tún pè mí, màá lọ. Kí wọ́n ṣáà ti sọ iye ìṣẹ́jú fún mi kí n tó kúrò nílé, kí n lè mọ ibi tí màá gé nínú ìtàn.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ọ̀jẹ̀, Ìbàdàn