Ìbò Káńsù Ló Yẹ Ká Kọ́kọ́ Gbà Lọ́wọ́ Gómìnà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Láti ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ni mo ti ń ka èrò àwọn ènìyàn nínú ìwé ìròyìn yín lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní òmìnira ti dé. Àwọn kan ní ńṣe ni ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fi gba agbára mọ́ àwọn gómìnà lọ́wọ́. Èmi gbà pé ìdájọ́ náà dára. Ohun tó ń dùn mí ni pé orí owó nìkan ni a ń jà sí, bẹ́ẹ̀ ìbò tí a fi ń yan ẹni tí yóò ná owó náà ṣì wà nínú àpò gómìnà.

Ọ̀gbẹ́ni Lateef Fagbemi, mínísítà fún ètò ìdájọ́, ló pe gómìnà ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́, Adájọ́ Emmanuel Agim ló sì ka ìdájọ́ náà. Ó ní gómìnà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 mú, bẹ́ẹ̀ ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bá wọn ná an. Ó tún ní ìgbìmọ̀ afìdíhẹ tí gómìnà ń yàn láìdìbò lòdì sí òfin, àti pé ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú kò bá dìbò yan àwọn aláṣẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí owó gbà. Abala ìkẹyìn yìí ló mú kí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tó ti ń lo afìdíhẹ láti ọjọ́ pípẹ́ sáré ṣètò ìbò kí ọdún náà tó parí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo irú ìbò tí à ń dì ní ilẹ̀ Yorùbá wa níbí. Ní Ọ̀yọ́, ní oṣù kẹrin ọdún 2024, PDP gba ipò alága ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 33. Ní Ògùn, ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, APC gba gbogbo 20. Ní Oǹdó, ní oṣù kìíní ọdún 2025, APC gba gbogbo 18. Ní Èkó, ní oṣù keje ọdún 2025, APC gba gbogbo 57, àti ìjọba ìbílẹ̀ àti ìjọba ìdàgbàsókè (LCDA) tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí gómìnà bá wà ni gbogbo ìlú máa ń nífẹ̀ẹ́ sí lọ́jọ́ ìbò káńsù, láìku ìlú kan. Ta ni nínú wa tó gbà bẹ́ẹ̀ gbọ́?

Ti Ọ̀ṣun ló ṣe kedere jù, mo sì bẹ àwọn òǹkàwé yín kí wọ́n dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 2022, INEC, àjọ elétò ìdìbò ti ìjọba àpapọ̀, ṣe ìbò gómìnà níbẹ̀. Gómìnà Oyètọ́lá ti APC wà lórí àléfà, síbẹ̀ Adélékè ti PDP borí rẹ̀: Adélékè mókè ní ìjọba ìbílẹ̀ 17, Oyètọ́lá mókè ní 13. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ìyẹn, kí gómìnà tó gbé ìjọba sílẹ̀, àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ ṣe ìbò káńsù, APC sì gba gbogbo 30. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2025, tí Adélékè ti gbọ̀nà ilé ìjọba wọlé, àjọ ìpínlẹ̀ tún ṣe ìbò, PDP sì gba gbogbo 30. Àwọn ará Ọ̀ṣun kan náà ni. Bí ẹni tó ń ka ìbò ṣe ń yí padà ni ọkàn wọn ń yí padà, àbí?

Ìbò tí wọ́n dì ní 2025 yẹn kò lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín APC àti PDP lórí ta ló ni sẹkitéríàtì, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ìjọba àpapọ̀, tó wà lọ́wọ́ APC, wá dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun dúró fún oṣù púpọ̀. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá, àwa tí à ń ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú. Mo ní ọ̀rẹ́ nínú APC, mo sì ní àbúrò nínú PDP. Ní 2022, ọ̀rẹ́ mi ní òfin wà lẹ́yìn ìbò náà, àbúrò mi ní jìbìtì ni. Ní 2025, àbúrò mi ló ń sọ̀rọ̀ òfin, ọ̀rẹ́ mi ló ń pariwo jìbìtì. Àwọn méjèèjì mọ òtítọ́. Ẹgbẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nígbà tó bá ń pa tiwọn lára.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ní 2004, Ààrẹ Ọbásanjọ́ di owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mú nítorí ìjọba ìdàgbàsókè 37 tí Gómìnà Tinúbú dá sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní oṣù kejìlá ọdún yẹn pé ààrẹ kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa tí a ń pe ara wa ní onítẹ̀síwájú nígbà náà la gbé ohùn sókè pé ìrẹ́jẹ ni. Mo gbé ohùn sókè pẹ̀lú wọn, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ìrẹ́jẹ fún Èkó lábẹ́ PDP, ìrẹ́jẹ náà ni fún Ọ̀ṣun lábẹ́ APC.

Ní agbègbè tiwa ní Òkè-Ògùn, lọ́jọ́ ìbò káńsù tó kọjá, agogo mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo ti dé ibùdó ìdìbò pẹ̀lú káàdì mi. Tábìlì kan àti àga méjì ló wà lábẹ́ igi òdán, kò sí òṣìṣẹ́ kankan. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó dé. Ìwé ìbò wà lọ́wọ́ wọn, ìwé èsì kò sí. Àwa mẹ́rìndínlógún ni mo fojú ara mi kà tí a dìbò kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ bi mí pé, “Bàbá, ṣé ẹ kò gbọ́ orúkọ ẹni tó wọlé lánàá ni?” Mi ò rí èsì fọ̀ fún un.

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù wa kò jìnnà sí igi òdán yẹn. Iná fóònù ni nọ́ọ̀sì fi ń gbẹ̀bí níbẹ̀ lóru. Ìwé òfin sọ pé ọjà, ibùdókọ̀, gọ́tà, itẹ́ òkú àti ilé ìpẹran wà níkàáwọ́ káńsù, ó sì ní ipa láti kó nínú ètò ìlera. Bí owó bá dé tààrà lọ́la, ta ni alága yóò ṣiṣẹ́ fún? Àwa mẹ́rìndínlógún kọ́ ló gbé e débẹ̀, nítorí náà àwa kọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ máa bà. Ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ ní olú ìlú ni yóò máa gbé owó náà lọ fún, kódà bí bánkì ìjọba àpapọ̀ bá kà á lé e lọ́wọ́.

Abala 197 àti 198 ìwé òfin ọdún 1999 ló bí gbogbo èyí: gómìnà ló ń yan àwọn ọmọ àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀, ilé aṣòfin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló sì ń fọwọ́ sí i. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Uwais, tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún àtúnṣe ètò ìdìbò, ti dámọ̀ràn láti 2008 pé kí wọ́n da àwọn àjọ yìí pọ̀ mọ́ INEC. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní èyí ta ko ètò ìjọba àpapọ̀ gidi, níbi tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń dá ṣe tirẹ̀, tí à ń bèèrè fún láti ìgbà Awólọ́wọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n, èmi náà sì rò ó títí. Ṣùgbọ́n àbùkù pọ̀ lára INEC lóòótọ́, síbẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ gómìnà lè fìdí rẹmi ní Ọ̀ṣun, ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè sì pàdánù Ọ̀yọ́ ní 2019. Lábẹ́ àjọ ìpínlẹ̀, ẹgbẹ́ gómìnà kì í sábà pàdánù ohunkóhun. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀nà míì tí yóò gba yíyan àjọ náà kúrò lọ́wọ́ gómìnà láìgbé e lọ Àbújá, kí ó kọ ọ́ sí ìwé ìròyìn yìí, inú mi yóò dùn láti kà á.

Àtúnṣe ìwé òfin ń fẹ́ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36, ibẹ̀ ni irú àbá bẹ́ẹ̀ sì ti máa ń kú. Àwọn tó ń jókòó níbẹ̀ yóò wá bẹ̀ wá fún ìbò 2027. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ti kọ sílẹ̀ de ẹni tó bá kanlẹ̀kùn mi, ẹgbẹ́ yòówù kó ti wá: bí wọ́n bá gbé abala 197 síwájú rẹ̀, báwo ni yóò ṣe dìbò?

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.