Lẹ́tà sí Àjàní nípa ooru Phoenix

Ìbàdàn,
Oṣù Keje.

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ-ọmọ mi. Ìyá rẹ ní kí n bá òun kí yín. Súwẹ́tà ni mo wọ̀ jókòó kọ ìwé yìí. Láti àárọ̀ ni òjò wínniwínni ti ń rọ̀ sórí páànù. Mo mọ̀ pé á dùn ọ́ láti gbọ́ ọ, nítorí ohun tí o sọ lórí fóònù lálẹ́ Sátidé: àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní Seattle àti Lọ́ńdọ̀n ń fi fọ́tò ránṣẹ́, wọ́n jókòó sórí koríko tútù, ìwọ sì ń yọjú lójú fèrèsé bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé.

Mi ò ní bá ọ wí. Ọdún 14 ni mo lò ní Phoenix tí o wà yẹn, ìlú aginjù ní Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kò sí oṣù Keje kan tí òjò ilé kì í sọ sí mi lọ́kàn. Nílẹ̀ wa, oṣù Keje àti Ìkẹjọ ló tutù jù lọ́dún. Lọ́hùn-ún, ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀ ń jó. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí ọkàn rẹ bá wà ní Seattle, o lè má fiyè sí ara rẹ ní Phoenix. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èmi nìyẹn.

Ọdún kejì mi ni. Ọkọ̀ mi bàjẹ́, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ike omi kan ṣoṣo. Ogún ìṣẹ́jú péré. Kí ni ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó ń rìn láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀? Mi ò rí òógùn lára mi, inú mi tiẹ̀ dùn. Mi ò mọ̀ pé ó ń jáde, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ibẹ̀ ló ń fà á mu kí ojú tó rí i. Nígbà tó yá, kò jáde mọ́ rárá. Awọ ara mi gbẹ bíi takàdá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé ìyá mi àgbà láàárín àwọn ilé wọ̀nyẹn. Mo fẹ́ kan ilẹ̀kùn. Ìyá ará Mẹ́síkò kan tó ń gé èso tà lẹ́bàá ọ̀nà ló dì mí mú, ó fi mí jókòó sábẹ́ agboòrùn rẹ̀, ó kó yìnyín inú kúlà rẹ̀ sí mi lábíyá àti lọ́rùn, ó sì pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi. Mo ṣì ń gbàdúrà fún un.

Nítorí náà, má dúró de òùngbẹ. Agogo ni kí o máa wò mumi. Ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ bá gbóná tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dàrú, pe 911 kí o tó béèrè orúkọ rẹ̀. Ní 2023, ọjọ́ 31 léraléra ni ooru fi dé 110 ti Fárẹ́náítì, ìyẹn 43 tí à ń lò níbí. Lọ́dún náà, ìjọba agbègbè Maricopa, tí Phoenix wà nínú rẹ̀, ka ẹni 645 tí ooru lọ́wọ́ nínú ikú wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tó kú sínú ilé, ẹ́síì wọn kò ṣiṣẹ́ ni. Oṣù Kẹta ni kí o máa pe ẹni tó ń tún tìrẹ ṣe.

Má fi ọmọ yẹn sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan. Kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin bẹ́líìtì kí o tó dè é mọ́ ọn. Òun ló dá àpá sí mi lọ́rùn ọwọ́ òsì. Omi tó ti wà nínú rọ́bà tí à ń fi bomi nínú oòrùn lè bó ọmọ náà lára, dà á nù kó tó fi ṣeré.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ máa jáde. Wọ́n gbìyànjú láti máa sún agogo síwájú ní wákàtí kan lásìkò ooru níbẹ̀ ní 1967, wọ́n sì pa á tì lọ́dún kejì. Ta ló fẹ́ kí oòrùn pẹ́ sí i kó tó wọ̀? Kódà saguaro, igi ẹlẹ́gùn-ún ńlá inú aginjù yẹn, òru ló ń ṣí ojú ihò mímí rẹ̀. Àwọn Tohono O'odham, ọmọ ìbílẹ̀ aginjù gúúsù Arizona, ìparí oṣù Kẹfà ni wọ́n ń ká èso rẹ̀, ìgbà náà sì ni ọdún tuntun wọn ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín ooru yẹn gan-an! Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Bí àárò ibi tútù bá ń sọ ọ́, má dá a dúró. Gbé ìyàwó àti ọmọ rẹ lọ sí Flagstaff lọ́jọ́ Sátidé, kò ju nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀ lọ. Orí òkè ni, ó ga ju mítà 2,100 lọ, igi páìnì ló kún ibẹ̀, ẹ ó sì lè sùn láìtan ẹ́síì. Bí o bá ṣì fẹ́ kó kúrò ní Phoenix, kó kúrò, mi ò ní pè ọ́ ní ọ̀lẹ. Àmọ́ má pinnu rẹ̀ nínú oṣù Keje. Dúró di oṣù Kìíní, tí wàá jókòó síta pẹ̀lú ẹ̀wù fẹ́lẹ́, kó o tó ṣírò rẹ̀.

Òjò wọn kò ní pẹ́ dé mọ́. Eruku ńlá ló sábà máa ń ṣíwájú rẹ̀, ẹ ti fèrèsé. Bó bá ti rọ̀, jáde síta kí o gbọ́ òórùn tí creosote, igi kékeré inú aginjù, ń tú jáde. Pè mí lójú ẹsẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ ló wà láàárín wa, kì í yí padà. Bó bá rọ̀ ní agogo méje alẹ́ lọ́dọ̀ rẹ, aago mẹ́ta òru ni níbí. Pè mí bẹ́ẹ̀ náà. Mo fẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.